Ọ̀nà abúlé Faransé tí Biniam Girmay ti fi kẹ̀kẹ́ dárà

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Tour de France lórúkọ, àmọ́ tí wọ́n bá ní ká ṣàlàyé bí eré náà ṣe ń lọ, a ó kàn máa wo ojú ara wa ni. Ohun tá a rí lórí tẹlifíṣàn ò ju pé àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá láàárín oko, hẹlikọ́pítà ń fi ilé àtijọ́ hàn wá, wákàtí mẹ́rin kọjá, ẹnì kan gbé ọwọ́ sókè, ó parí. (Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mò ń sọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá.) Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kan ṣoṣo yẹ̀ ẹ́ wò: ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2024, ọjọ́ tí Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba ipò kìíní ní abúlé kan tó ń jẹ́ Colombey-les-Deux-Églises.

Semur-en-Auxois ni wọ́n ti gbéra lọ́jọ́ náà, ní agbègbè Burgundy. Ìlú kékeré ni, orí àpáta ló wà, odò Armançon sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán. Ilé-ìṣọ́ ńlá mẹ́rin láti ayé ogun àtijọ́ ṣì wà lórí ìdúró níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti sán, ibi tó ti là hàn kedere, síbẹ̀ kò wó. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Flavigny-sur-Ozerain wà, abúlé tí wọ́n ti ya apá kan fíìmù Chocolat tó jáde lọ́dún 2000. Ìtòsí ibẹ̀ náà ni Alise-Sainte-Reine, tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ Alésia, níbi tí Julius Caesar ti borí Vercingetorix àtàwọn ará Gaul lọ́dún 52 ṣáájú ìbí Jésù. Láti Semur dé Colombey lọ́jọ́ eré yẹn, kìlómítà 183 ni. Ó ju Èkó sí Ìbàdàn lọ dáadáa.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe òkè gíga bíi ti Alps, kì í sì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà á gòkè díẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á wọ abúlé, á yà sápá òsì, á tún gòkè. Ẹ lè rò pé ìyẹn rọrùn. Rárá o. Téèyàn bá ń gun òkè gíga, ó mọ̀ pé òkè ló wà lẹ́nu ẹ̀: á mú jíà kan, á rọra máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Òkè kéékèèké kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rí ìsinmi gidi. Wàá pààrọ̀ jíà, wàá dìde kúrò lórí ìjókòó, wàá jókòó padà, òmíràn ti dé. Ẹni tó wà lẹ́yìn agbo gan-an ló ń jìyà jù. Táwọn ti iwájú bá gun òkè dópin, wọ́n á ki eré mọ́lẹ̀ nígbà tí òun ṣì wà nísàlẹ̀, á wá sáré ju agbára ẹ̀ lọ kó tó bá wọn. Kó ṣe irú ẹ̀ nígbà ogún, ẹsẹ̀ á sọ̀rọ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá kejì. Ẹni tó wà níwájú ló ń gba afẹ́fẹ́ sójú. Ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́, ẹni tó bá sì wà láàárín agbo ń gbádùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àádọ́jọ èèyàn fi ń rìn pọ̀ bí ẹran tó ń lọ sódò, bẹ́ẹ̀ ọ̀tá ara wọn ni wọ́n. Lọ́jọ́ náà, Jonas Abrahamsen, ọmọ Norway, dá sá síwájú fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ó sì ń kó máàkì orí òkè jọ bó ṣe ń lọ. Ẹ̀yìn nìkan ló wà. Agbo á jẹ́ kó lọ jìnnà, wọ́n á ṣírò, wọ́n á wá gbá a mú nígbà tí ilé bá kù díẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún un náà nìyẹn. Ó dunni, àmọ́ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Girmay ti wọlé rèé: ọ̀nà tó wọ Colombey ń gòkè. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, àwọn alágbára tí ara wọn wúwo ló sábà ń jẹ mítà 200 tó kẹ́yìn, nítorí eré á ti pọ̀ jù fún àwọn tó kù. Tí ilẹ̀ bá ti gbé sókè díẹ̀, eré á dín kù, ààbò téèyàn ń rí lẹ́yìn ẹlòmíì á dín kù, ìwọ̀n ara á sì wá di ẹrù. Girmay lágbára, àmọ́ kò wúwo bíi tiwọn, kìlómítà 183 tó ń gòkè tó ń sọ̀ kò sì pa á lẹ́sẹ̀. Ó fẹ̀yìn Jasper Philipsen, ọmọ Belgium, balẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà kejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ọjọ́ 1 oṣù Keje ló kọ́kọ́ borí ní Turin, tó sì di adúláwọ̀ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ipele kan nínú Tour, eré tó ti wà láti ọdún 1903. Lọ́jọ́ 11, ó tún ṣe é ní Villeneuve-sur-Lot. Nígbà tí eré parí ní Nice, òun ló gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lọ sílé, ìyẹn ẹ̀wù ẹni tí máàkì ẹ̀ pọ̀ jù.

Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ò sí ní Áfíríkà. Ní Asmara, níbi tí wọ́n ti bí Girmay lọ́dún 2000, kẹ̀kẹ́ wà lẹ́jẹ̀ wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe wà lẹ́jẹ̀ tiwa. Daniel Teklehaimanot, ọmọ Eritrea bíi tiẹ̀, ti wọ ẹ̀wù àwọn agunkè nínú Tour lọ́dún 2015. Àmọ́ Yúróòpù ni eré tó ń sọni dèèyàn wà. Téèyàn ò bá rí físà, tí kò rí kẹ̀kẹ́ tó dáa, tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn láàárín agbo lórí ọ̀nà tóóró, ẹ̀bùn nìkan ò ṣe é. Ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọ UCI ní Aigle, Switzerland, ni Girmay gbà kọjá. Ó tó oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 kí wọ́n tó gbé ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì àgbáyé wá sí Áfíríkà rárá, ní Kigali. Lójú tèmi, ìyẹn ti pẹ́ jù.

Colombey fúnra ẹ̀ ní ìtàn. Abúlé Charles de Gaulle ni, ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1970, ibẹ̀ ni sàréè ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, sàréè kékeré tí kò ní ṣekárími. Àgbélébùú ńlá tí wọ́n kọ́ fún un lórí òkè lójú ọ̀nà máa ń rí láti òkèèrè. Lọ́jọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1960, nígbà tó ṣì jẹ́ ààrẹ, Tour kọjá níbẹ̀, gbogbo agbo sì dúró kí i. Pierre Beuffeuil, tó ti ṣẹ́yìn, dé ibẹ̀, ó bá wọn lórí ìdúró. Kò dúró o. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ, ó sì borí ní Troyes. Ọjọ́ kẹrìndínlógún sí i ni Dahomey gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba de Gaulle kan náà, àwọn Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sì wà nínú ẹ̀.

Ní ti hẹlikọ́pítà tó ń fi ilé àtijọ́ hàn, owó ni. Ìwé ìròyìn L'Auto ló dá Tour sílẹ̀ kí ìwé wọn lè tà, títí dòní sì ni àwọn ìlú ń sanwó kí eré lè gbéra tàbí kó parí lọ́dọ̀ wọn, kí ayé lè rí wọn.

Ọ̀nà náà ò ní géètì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ físà, ẹnikẹ́ni ló lè gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin Faransé ní kí ọkọ̀ fi mítà kan àtààbọ̀ sílẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́ tó bá fẹ́ kọjá lára ẹ̀ lẹ́yìn ìlú, mítà kan láàárín ìlú. Ẹ ra búrẹ́dì kí ọ̀sán tó pọ́n, torí àwọn ṣọ́ọ̀bù abúlé sábà máa ń tilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Tí ẹsẹ̀ bá sì ti kú ní Colombey, bíi kìlómítà 15 ló kù sí Bar-sur-Aube, níbi tí ibùdókọ̀ rélùwéè wà.