Bàálù Ogun Aláwọ̀ Fàdákà: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Ń Kọ́ Ọmọ Ní Sùúrù

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí jẹ mọ́ ọwọ́ ọmọdé, àti ohun tí ọwọ́ náà lè ṣe bí a kò bá tètè gba agolo àti ọ̀bẹ kúrò níbẹ̀. Ní Jos níbí, àti ní ọ̀pọ̀ ìlú tí àwọn ará wa tẹ̀dó sí lẹ́yìn odi, ẹ ó máa rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń gé agolo mílíìkì, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì ń fi wáyà so ó pọ̀ títí yóò fi di mọ́tò tàbí bàálù. Ọ̀pọ̀ òbí ni í máa ń jágbe mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé eré kò ní jẹ́ kí ó ka ìwé. A kò sọ pé kí ọmọ má ka ìwé o. Ohun tí à ń wí ni pé ẹ̀kọ́ ńlá ń bẹ nínú kíkọ́ àwòṣe bàálù ogun, pàápàá èyí tí a kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà, àti pé ìtàn tó so ìlú Jos pọ̀ mọ́ irú bàálù bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Tánganran Jos àti ogun àgbáyé

Ta ni kò mọ̀ pé tánganran ló sọ Jos di ìlú ńlá? Òun ló mú kí rélùwéè kékeré ti Zaria wọ agbègbè yìí ní ọdún 1914, ọ̀nà rélùwéè náà sì wà lára ohun tó kó àwọn ará wa, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, wá síbí láti ṣòwò àti láti ṣiṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí àwọn ará Japan gba ilẹ̀ Malaya lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, tánganran wọ́n káàkiri ayé. Ojú wá kọ sí Jos. Láàrin ọdún 1942 sí 1944, ìjọba amúnisìn fi túláàsì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin láti ìgbèríko Òkè Ọya wá wa ilẹ̀ ní ibi ìwakùsà wọ̀nyí. Òtútù, ebi àti àìsàn pa púpọ̀ nínú wọn.

Kí ni wọ́n ń fi tánganran ṣe? Òun ni wọ́n ń pò mọ́ òjé láti fi jó wáyà rédíò àti ti ẹ̀rọ bàálù pọ̀. Òun náà ni wọ́n ń fi bo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe agolo, kí ìpatà má baà jẹ ẹ́. Nítorí náà, ọmọ tó fi agolo ṣe bàálù lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀ ń fọwọ́ kan ohun tí àwọn ènìyàn kan kú sí láti wà jáde. Ó yẹ kí ọmọ náà gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé tánganran ló ń mú ara bàálù ogun dán bẹ́ẹ̀. Alumínọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí pé ó fúyẹ́, bí a bá sì po bàbà díẹ̀ àti àwọn irin mìíràn mọ́ ọn, a máa lágbára gidigidi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun àgbáyé kejì, ọ̀dà aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń kùn wọ́n kí ọ̀tá má baà rí wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944 ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ti ń fi ọ̀pọ̀ bàálù wọn sílẹ̀ láìkùn, nítorí pé ọ̀dà ń gba owó, ó ń gba àkókò, ó sì ń dá kún ìwúwo bàálù. Láti ìgbà náà ni bàálù ogun tó ń dán bíi fàdákà ti di ohun àwòyanu lójú ọmọdé.

MiG-17 ní ojú ọ̀run Nàìjíríà

Òfin tó dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1964. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni bàálù MiG-17 láti ilẹ̀ Soviet sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Òkè Ọya. Àwọn ará Íjíbítì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wà wọ́n. Oṣù kìíní ọdún 1950 ni irú bàálù yìí kọ́kọ́ fò. Apá rẹ̀ fà sẹ́yìn bíi ti àṣá tó fẹ́ já lulẹ̀, ẹnu rẹ̀ là gbàgà níwájú láti fa afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ, ìbọn ńlá mẹ́ta sì wà lábẹ́ imú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwòṣe bàálù, a gba á nímọ̀ràn kí ó mú MiG-17, nítorí pé ó jẹ́ ara ìtàn wa. Àmì kan wà tí a fi í dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, MiG-15: irin pẹlẹbẹ tó dúró ṣánṣán lórí apá. Méjì ló wà lórí apá kọ̀ọ̀kan MiG-15, mẹ́ta ló wà lórí ti MiG-17. Ọmọ tó bá fi méjì sí i ti ṣe bàálù mìíràn láìmọ̀.

Ìwọ̀n ni àkọ́kọ́

Àwòṣe kì í ṣe ohun tí a ń fojú díwọ̀n. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ayé ni ìwọ̀n ọ̀kan sí 72, tí íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 6. Ilé iṣẹ́ Frog ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ tí a fi ike ṣe ní ọdún 1936. Láti ṣóńṣó apá kan MiG-17 dé ìkejì, mítà 9.6 ni. Bí ọmọ bá fi 72 pín in, yóò bá a pé àwòṣe rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ntímítà 13 àti díẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí i pé ìṣirò tí olùkọ́ ń fi pàṣán kọ́ ọmọ ti di ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá kiri?

Bí owó bá wà, a lè ra èyí tí wọ́n ti gé sínú páálí. Bí kò bá sí, kí a gbẹ́ ara rẹ̀ láti inú igi tó rọ̀, kí a sì gé apá àti ìrù láti inú agolo. Kí àgbà kan wà nítòsí nígbà tí ọmọ bá ń lo ọ̀bẹ, nítorí etí agolo mú ju abẹ lọ.

Fàdákà kì í bo àléébù

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà rèé. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé a máa fi ara gba àṣìṣe, ṣùgbọ́n ti fàdákà a máa tú àṣírí. Alumínọ́ọ̀mù tí a lọ̀ di ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ló wà nínú ọ̀dà náà. Bí ibi tí a kùn bá jọ̀lọ̀, àwọn ìpẹ́ náà yóò sùn gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìmọ́lẹ̀ yóò sì ta lára wọn bí ìgbà tó bá ta lára dígí. Bí ibẹ̀ bá rí ṣákaṣàka, wọn yóò dúró wọ́gọwọ̀gọ, ohun tí ìbá dán yóò sì di aláwọ̀ eérú. Gbogbo ibi tí a fi pútì dí, gbogbo ibi tí a kò fi sáńpépà fá dáadáa, ni yóò hàn kedere.

Nítorí náà, ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin iṣẹ́ náà ti parí kí a tó ṣí ìkòkò ọ̀dà fàdákà rárá. Kí a fá a, kí a fi omi fọ̀ ọ́ kí òróró ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, kí a kùn ún ní ọ̀dà dúdú tó ń dán, kí a sì jẹ́ kó gbẹ. Lórí dúdú yìí ni fàdákà ti ń jinlẹ̀. Kí a fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ rántí pé ọ̀dà tó nípọn tó mìlímítà kan lórí àwòṣe dúró fún sẹ̀ntímítà 7 lórí bàálù gidi. Ta ló ń kun bàálù bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò ní ọgbà mẹkáníìkì mọ gbogbo èyí dájú, a sì lè rán ọmọ lọ wò wọ́n.

Ojú ọjọ́ Jos náà ní ohun tirẹ̀ láti sọ. Ìlú yìí ga ju mítà 1,200 lọ sókè òkun. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Bí òjò bá ń rọ̀, ọ̀rinrin a máa sọ ọ́ di funfun ràkọ̀ràkọ̀. Kí a fín in ní ọ̀sán tí kò sí ìjì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, nítorí òórùn tínà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Bí fàdákà bá gbẹ, kí a fi pépà bo ibì kan, kí a sì kun ibòmíràn ní fàdákà tó ṣú díẹ̀, nítorí pé bàálù gidi kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀, níbi tí iná ti ń jáde, a máa pọ́n ràkọ̀. Ẹnu ìbọn rẹ̀ a máa dúdú. Lẹ́yìn èyí ni àmì òbìrìkìtì aláwọ̀ ewé, funfun àti ewé yóò tó gun orí apá rẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì

Bí ẹnìkan bá sọ pé iṣẹ́ Òyìnbó ni èyí, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti rí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn agbẹ́gilére wa gbẹ́ bàálù sí lórí. Thomas Ọ̀nà Odùlátẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbẹ́ àwọn ajẹ́lẹ̀, agbẹjọ́rò àti ìyàwó Òyìnbó ní kékeré, ó sì fi yíǹkì àti ọ̀dà bàtà funfun kùn wọ́n. Justus Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, fi ẹ̀gún igi gbẹ́ àwọn ènìyàn tí kò ju ìka lọ. Ní Jos níbí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí Bernard Fagg dá sílẹ̀, tí a ṣí ní ọdún 1952, ní ọgbà kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Poland, gbé kalẹ̀, níbi tí àwòṣe odi Kano àti mọ́ṣáláṣí Zaria wà. Àwòṣe ni ọ̀nà tí a fi ń mú ohun ńlá wá sí ibi tí ọgbọ́n yóò ti ká a.

Ohun ogun ni, kì í ṣe ohun ìṣeré

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ gbé mì. Àwọn bàálù tí ìjọba àpapọ̀ lò nínú ogun 1967 sí 1970 ju àdó olóró sí ibi tí àwọn tí kò gbé ìbọn wà, ọjà pẹ̀lú. Àwọn tó sọ ẹbí nù nínú rẹ̀ ń gbé ládùúgbò kan náà pẹ̀lú wa. Ǹjẹ́ ó tọ́ nígbà náà kí ọmọ máa ṣe àwòṣe rẹ̀?

Ìdáhùn wa ni pé ó tọ́, bí àgbà bá jókòó tì í láti sọ òótọ́ fún un. Ní ọdún 1942, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọléèwé fi igi ṣe àwòṣe bàálù 500,000, oríṣi 50, kí àwọn ọmọ ogun lè fi kọ́ bí a ti ń dá bàálù ọ̀rẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀tá. Ẹni tó mọ ohun ìjà dájú kì í fi í ṣeré. Jos ti rí rògbòdìyàn ní 2001, ní 2008 àti ní 2010; ọmọ tí a dá ìtàn ogun sọ fún pẹ̀lú suuru kò ní rọrùn láti kó sínú ìjà.

Àǹfààní mìíràn tún wà fún àwa tí a ń gbé lẹ́yìn odi. Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ló kún ẹnu àwọn ọmọ wa. Bí bàbá bá jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, tí ó ní, "Fá apá òsì yẹn sí i, ó ṣì wú," "Má kun ìrù rẹ̀ títí imú yóò fi gbẹ," èdè Yorùbá yóò wọ ọmọ náà lára láìsí pàṣán. Ọ̀nà sì wà níwájú ọmọ tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú: láti ọdún 1980 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú ti wà ní Jos níbí.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, bí ẹ bá rí agolo lọ́wọ́ ọmọ, ẹ má tètè gbà á. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí ẹ sì bá a wá sáńpépà.