Ilé Kọfí Ẹ̀bá Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin: Ìjókòó Ni Arìnrìn-àjò Ń Rà

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ojú àlejò ni a ti í jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti í san án. Ilé ẹni ni òwe yìí ń bá wí, níbi tí onílé ti mọ ẹni tí ó wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ṣùgbọ́n kí ni kí á ti wí nípa ilé tí ó jẹ́ pé àlejò ni gbogbo ẹni tí ń wọ̀ ọ́, tí ẹni tí ń gbàlejò kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, tí ó sì jẹ́ pé owó ni a fi ń jókòó? Irú rẹ̀ ni ilé kọfí tí ó wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní ìlú òyìnbó. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ ní ọmọ tàbí ìbátan ní London, tí wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀ kọjá láràárọ̀; àwọn mìíràn nínú wọn ni ó sì ń ta kọfí níbẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Òwò yìí kì í ṣe òwò àná. Ní ọdún 1862 ni oníṣègùn kan, John Dauglish, dá ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Aerated Bread Company, tí àwọn ènìyàn gé kúrú sí A.B.C. Ẹgbẹ́ yìí kì í fi ìwúkàrà sí búrẹ́dì. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń mú un wú. Ní ọdún 1864 ni wọ́n ṣí ilé tíì kan sí àgbàlá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Fenchurch Street ní London. Èrò ń wọ́ lọ, èrò ń wọ́ bọ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n. Òwò náà gbèrú, ó sì tàn ká ìlú. Ní ọdún 1894 ni ẹgbẹ́ J. Lyons náà ṣí ilé tíì tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní Piccadilly, àwọn méjèèjì sì di ìlú mọ̀ọ́ká.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn oníbàárà rí níbẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, bí obìnrin kan bá dá nìkan wá sí àárín ìlú, agbára káká ni ó fi lè rí ibi tí yóò jókòó jẹun. Àwọn ọkùnrin ni ó kún ilé ọtí, ojú burúkú ni a sì fi ń wo obìnrin tí a bá bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé tíì, ó lè fi owó kékeré ra ife tíì kan, kí ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, kí ó sinmi, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè pé kí ni ó ń wá. Tíì ni ó san owó rẹ̀; ìjókòó láìsí ẹ̀gàn ni ó gbé lọ sílé.

Nínú ọdún kan náà, 1971, ni a dá ẹgbẹ́ kọfí méjì sílẹ̀ tí ayé mọ̀ lónìí: Starbucks ní Seattle ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti Costa tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọmọ Ítálì kan dá sílẹ̀ ní London. Kì í ṣe ìjókòó ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà. Kóró kọfí ni Starbucks ń tà, Costa sì ń yan kọfí fún àwọn tí ń sè é. Ní ọdún 1983 ni Howard Schultz, tí ń ṣiṣẹ́ fún Starbucks, lọ sí ìlú Milan, tí ó rí bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pàdé nídìí kọfí, tí olùtajà sì ń fi orúkọ kí wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fẹ́ kí ilé kọfí jẹ́ ibi kẹta fún ènìyàn, lẹ́yìn ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1998 ni Starbucks wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni pé ìjókòó ni a ń rà, kí ó wo òfin owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ènìyàn bá ra kéèkì tí ó sì gbé e lọ jẹ nínú ọkọ̀, ìjọba kì í gba owó orí ọjà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó jẹ kéèkì kan náà nínú ilé kọfí, owó orí 20 lórí 100 ni ìjọba ń gbà. Kéèkì kò yí padà. Àga nìkan ni ó fi kún un.

Oríṣiríṣi ènìyàn ni ń wá ra àga yìí. Òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ jókòó. Ojú rẹ̀ wà lára aago, ìlà gígùn sì ń bí i nínú. Ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n tí ó sì ń wọ́ ẹrù ń wá igun kan tí yóò ti fún ọmọ lóúnjẹ. Arúgbó tí ọkọ̀ rẹ̀ kò wá mọ́ ń sá fún òtútù. Akẹ́kọ̀ọ́ ra ife kan, ó sì jókòó tì í títí ó fi di ọ̀sán. Ẹni tí ń tajà ní láti dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń dun òun náà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2012 ni Starbucks bẹ̀rẹ̀ sí bi àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ wọn, kí a lè kọ ọ́ sára ife. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ìṣòro ni fún ọmọ Yorùbá. Orúkọ tí a fi ìrònú àti àdúrà sọ ọmọ ni a ó kọ ségesège, tí a ó sì pè ní ohùn tí ìyá rẹ̀ kò lè dá mọ̀. Nítorí èyí ni àwọn mìíràn fi ń dá orúkọ òyìnbó kúkúrú kan fún ara wọn nídìí káńtà. A kò bá wọn wí, nítorí ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tí ń kọ́ ènìyàn ní orúkọ. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ráyè, kí ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹ̀rín. Olùtajà tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ yóò mọ̀ ọ́n.

Èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ ni kí a lé ènìyàn kúrò lórí àga. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2018, ní Philadelphia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì jókòó sí ilé kọfí Starbucks kan, wọ́n ń dúró de ẹni tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ òwò. Wọn kò tí ì ra nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a kò gbà fún un. Láìpẹ́, alábòójútó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, a sì fi ẹ̀wọ̀n sí wọn lọ́wọ́ jáde. Ẹni tí wọ́n ń dúró dè dé bá wọn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ ni a tó dá wọn sílẹ̀, láìfi ẹ̀sùn kankan kàn wọ́n. Ẹgbẹ́ náà tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ó ti ilé kọfí tí ó lé ní 8,000 pa ní ọ̀sán láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba dọ́là kan péré lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ìjọba ìlú náà, wọ́n sì bèèrè pé kí a ya 200,000 dọ́là sọ́tọ̀ láti ran àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ yìí sọ pé ẹnikẹ́ni lè jókòó, bí kò tilẹ̀ ra nǹkan. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ó yí òfin náà padà ní Amẹ́ríkà: ẹni tí yóò jókòó gbọ́dọ̀ rajà. A kò lè sọ pé oníṣòwò kò ní ẹ̀tọ́ sí èyí, nítorí kò sí ẹni tí ń fi àga ọ̀fẹ́ san owó ilé. Ohun tí a ń wí ni pé, òfin yòówù tí ó bá wà, kí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún funfun àti dúdú, fún olówó àti tálákà, kí a sì kọ́kọ́ fi ẹnu bèèrè kí a tó pe ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Láti ayé àwọn baba wa ni àwọn ìyá wa ti ń gbé igbá oúnjẹ lọ pàdé ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 2021 ni a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn ní gbangba, ti inú ìlú Èkó sì tẹ̀lé e ní ọdún 2023. Ibi tí èrò bá wà, ilé oúnjẹ yóò dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí yóò ṣí i, ẹ pèsè àga fún ìyá ọlọ́mọ àti arúgbó, kí ẹ sì máa kí ènìyàn kí ẹ tó bèèrè owó. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má ṣe fi ife kan gba àga mẹ́rin nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹ dìde fún ẹni tí ó rẹ̀, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé ife wá. Ábúráhámù kò mọ àwọn tí ó dúró níwájú àgọ́ rẹ̀ nígbà tí ó sáré lọ pàdé wọn, tí ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sinmi lábẹ́ igi. Kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò rà.