Jíìpù Tí Ó Di Ilé

Ẹ̀yin ọmọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àwọn awakọ̀ tírélà tí wọ́n ń gbé ẹrù láti òkè Ọya wá sí Èkó. Bí ilẹ̀ bá ṣú wọn sọ́nà, wọn a gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọn a tẹ́ ẹní sí abẹ́ rẹ̀, wọn a sì sùn. Oorun ọ̀ranyàn ni oorun yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n dìídì sọ ọkọ̀ tiwọn di ilé. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, wọ́n sì ń fi í rin ìrìn-àjò láti ìlú dé ìlú láì wọ hòtẹ́ẹ̀lì.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tà. Òmíràn nínú wọn tóbi bíi bọ́ọ̀sì, ó sì wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ jíìpù ńlá di ilé. Nínú àwọn tí wọ́n ti gbé inú jíìpù rí, ará Jámánì kan, Gunther Holtorf, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù.

Holtorf ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1988, ó ra jíìpù Mercedes aláwọ̀ búlúù kan tí ó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Otto ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà, bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ. Èrò rẹ̀ ni láti fi í rìn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì padà sílé. Ìgbà díẹ̀ yìí di ọdún 26! Láti ọdún 1990, obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Christine ni ó ń bá a rin ìrìn náà.

Kí ni wọ́n ṣe sí inú jíìpù yìí? Wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó wá ku méjì ti iwájú. Àyè tí ó ṣófo ni wọ́n tẹ́ ibùsùn sí, wọ́n sì kó ẹrù sí abẹ́ ibùsùn náà.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí lónìí, ibẹ̀ náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de ìjókòó ẹ̀yìn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Bí a bá fi sípánà tú u, ihò rẹ̀ yóò ṣẹ́ kù sílẹ̀. Kí a má ṣe dí àwọn ihò náà o! Àwọn ni a óò tún lò láti de ibùsùn mọ́lẹ̀, nítorí irin ibẹ̀ lágbára. Ẹni tí ó bá ń lu ihò tuntun kiri ilẹ̀ ọkọ̀ lè lu táńkì epo tí ó wà nísàlẹ̀.

Ìwọ̀n ni ó kàn. Bí a bá ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn, inú jíìpù ńlá lè gùn tó nǹkan bíi mítà 2 láti ẹ̀yìn awakọ̀ títí dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àgbàlagbà lè na ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ìbú ni ó ń yọ ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé ibi tí táyà ẹ̀yìn wà wú wọ inú ọkọ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé ibùsùn ga ju ibi tí ó wú náà lọ.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ibùsùn ga tó? Ìbéèrè yìí ni ó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ibùsùn bá ga, àyè abẹ́ rẹ̀ yóò gba kẹ́ẹ̀gì omi, ìkòkò, àpótí aṣọ àti irinṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó sùn sórí rẹ̀ bá fẹ́ dìde jókòó, orí rẹ̀ yóò gbá òrùlé. Bí ibùsùn bá sì rẹlẹ̀, ènìyàn yóò lè jókòó, yóò lè wọ aṣọ, yóò sì lè jẹun nínú ọkọ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Níbo wá ni ẹrù yóò wà?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní láti ilẹ̀ ọkọ̀ dé òrùlé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120. Bí ènìyàn bá jókòó, ká ní láti ìdí rẹ̀ dé àtàrí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90. Ká tún ní fóòmù tí a óò tẹ́ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 8. Bí a bá yọ 90 àti 8 kúrò nínú 120, sẹ̀ǹtímítà 22 péré ni ó kù fún pákó àti ẹrù. Kò ga ju rúlà ìwé yín lọ! Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá rí i bẹ́ẹ̀ a yan ẹrù, wọn a gbé ibùsùn ga, wọn a sì máa fi àyà fà wọlé. Ní tèmi, n ó yan ìjókòó. Òjò lè rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì wù mí láti dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta bí aláìsàn.

Nígbà tí a bá ti mọ bí yóò ti ga tó, a lè gé pákó. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kò rí bí iyàrá tí ó ní igun mẹ́rin. Ó tẹ̀ síhìn-ín, ó wú sọ́hùn-ún. Nítorí náà, páálí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ gé. Wọn a gbé páálí náà síbẹ̀, wọn a rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ara ọkọ̀ mu, wọn a sì wá fi í sàmì sórí pákó. Bí páálí bá bàjẹ́, a óò wá òmíràn. Pákó kò rí bẹ́ẹ̀, owó ni. Wọn kì í sì í fi odidi pákó kan ṣoṣo ṣe ibùsùn náà. Wọ́n ń gé e sí méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n lè ṣí ọ̀kan bí ìdérí àpótí láti mú ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, ibùsùn ti wà, ṣùgbọ́n a kò tíì lè sùn. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Bí ènìyàn méjì bá ti gbogbo fèrèsé ọkọ̀ pa, tí wọ́n sì sùn, èémí wọn yóò di omi lára gíláàsì. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, omi náà yóò ti máa kán sórí fóòmù, fóòmù yóò sì máa rùn. Ó yẹ kí fèrèsé méjì ṣí díẹ̀, ọ̀kan ní iwájú, ọ̀kan ní ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn lè gba inú ọkọ̀ kọjá. Kí a sì ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí fèrèsé méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn kì í ṣe eré fún arìnrìn-àjò. Ibà mú Holtorf ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tí ó burú ju ẹ̀fọn lọ ni iná nínú ọkọ̀ tí a tì pa. Ẹ ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ní alẹ́, tí wọ́n sùn, tí wọn kò sì jí mọ́. Gáàsì olóró kan ni ó pa wọ́n. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ wa ni ó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, ṣùgbọ́n bí gáàsì yìí bá wọlé, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e dípò ọ́síjìn. Orí yóò máa fọ́ ẹni náà, oorun yóò sì máa kùn ún, kò ní mọ̀ pé ikú ni. Sítóòfù lè mú un jáde, èédú lè mú un jáde, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà sì ń mú un jáde. Inú ọkọ̀ kéré púpọ̀ ju iyàrá lọ, nítorí náà kì í pẹ́ kún. Ìta ni kí a ti máa dáná, òjò ìbáà máa rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nítorí kí inú ọkọ̀ lè tutù, kí ó sì sùn lọ.

Nípa iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Bí a bá ń lo fíríìjì kékeré tàbí gílóòbù láti ara bátìrì ọkọ̀ ní gbogbo òru, ọkọ̀ lè kọ̀ láti tan ní òwúrọ̀. Bátìrì kejì ni àwọn ènìyàn ń fi sí i, kí bátìrì ti ẹ́ńjìnnì lè máa wà ní tirẹ̀.

Ìwúwo ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Lítà omi kan wúwo tó kílò 1. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 méjì ti di kílò 40 nìyẹn, láì tíì ka pákó, fóòmù, oúnjẹ àti àwọn tí yóò wọ ọkọ̀. Gbogbo jíìpù ni ó ní ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé. Bí ẹrù bá kọjá rẹ̀, búréèkì kò ní tètè mú un dúró, táyà sì lè bẹ́. Ibi tí a di ẹrù sí tún ṣe pàtàkì. Bí ohun tí ó wúwo bá pọ̀ lórí òrùlé, ọkọ̀ lè yí nígbà tí ó bá ń yà ní kọ́nà. Abẹ́ ibùsùn, nísàlẹ̀ pátápátá, ni ó yẹ kí omi wà. Kí a sì fi okùn de ohun gbogbo. Ìkòkò irin tí ó wà lẹ́yìn kò ní dúró nígbà tí awakọ̀ bá tẹ búréèkì lójijì. Orí awakọ̀ ni ó ń bọ̀.

Otto pàápàá rí ìjàǹbá. Ó yí lẹ́ẹ̀kan ní erékùṣù Madagásíkà. Wọ́n tún un ṣe, ó sì ń lọ. Holtorf máa ń kó pààtì ọkọ̀ àti irinṣẹ́ púpọ̀ dání, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àtúnṣe Otto, nítorí pé bí ọkọ̀ bá kú sínú aṣálẹ̀, kò sí mẹkáníìkì níbẹ̀.

Èwo wá ni ti Christine? Ìtàn rẹ̀ kò dùn. Àìsàn jẹjẹrẹ mú un, ó sì kú ní ọdún 2010. Kí ó tó kú, Holtorf ṣèlérí fún un pé òun yóò parí ìrìn-àjò náà, ó sì padà sínú ọkọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, Otto dé ìlú Berlin, ìrìn-àjò sì parí. Ó ti dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 170, ó sì ti rin ohun tí ó sún mọ́ kìlómítà 900,000. Bí a bá yí gbogbo ayé po lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bíi kìlómítà 40,000 ni. Ẹ ṣírò iye ìgbà tí Otto ìbá ti yí i po.

Holtorf kú ní ọdún 2021. Wọ́n gbé Otto lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Mercedes-Benz ní ìlú Stuttgart.