Ọjọ́ méjì ní Kano: bí tọkọtaya ṣe lè fi ẹnu àti ojú mọ ìlú ilé iṣẹ́

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé Kano la máa lọ fún ọjọ́ méjì, ó kọ́kọ́ wò mí. "Bàbá Tóbi, ìlú ilé iṣẹ́ lẹ fẹ́ gbé mi lọ sinmi? Etíkun ńkọ́?" Mo bẹ̀ ẹ́ jàre. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ò ti kọjá owó iléèwé àti owó iná.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ní Kano, ẹ má ya oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀pà. Rélùwéè dé Kano ní 1911, ẹ̀pà sì di ọjà òkèèrè. Àpò ẹ̀pà tí wọ́n tò jọ bí òkè ni wọ́n fi mọ ìlú náà, kó tó di pé epo rọ̀bì gbòde. Tí wọ́n bá fún òróró tán lára ẹ̀pà, èyí tó kù ni kúlíkúlì. Kúlíkúlì yẹn náà ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ ata àti atalẹ̀, òun ni yàjì tí mọ̀lá ń wọ́n sórí sùúyà.

Màlúù àti ewúrẹ́ ńkọ́? Ẹran wọn lọ sọ́dọ̀ onísùúyà, awọ wọn lọ sílé iṣẹ́ aláwọ. Láyé àtijọ́, awọ ewúrẹ́ láti agbègbè yìí gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, àwọn Òyìnbó wá ń pè é ní awọ Mòrókò.

Láàárọ̀, a jẹ máásà: ìrẹsì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tó kan díẹ̀, tí wọ́n wá dín. Ọbẹ̀ elégédé ni wọ́n fi gbé e fún wa. Àwọn ará Ìlọrin á ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, a lọ síbi kòtò aró ní Kofar Mata. Wọ́n ní ó ti wà láti 1498. Ìyàwó mi wò yíká, ó ní, "Àwọn obìnrin wọn dà?" Kò sí o. Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ obìnrin ni aró, inú ìkòkò ni wọ́n sì ń pò ó. Ní Kano, ọkùnrin ló ń ṣe é, nínú kòtò.

Ló bá jókòó ti bàbá kan. Dírẹ́bà wa ń túmọ̀ Hausa. Ó ń ṣàlàyé elú àti eérú tí ìyá rẹ̀ ń lò l'Óṣogbo, bàbá náà ń ṣàlàyé tiẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ìyàwó mi ti rẹ aṣọ láró rí, pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúdú lọ sí iléèwé, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 17 tí mo fẹ́ ẹ, mi ò bi í rí.

Ọ̀pọ̀ nínú kòtò yẹn ni ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní bí ìkòkò ìyá òun náà ṣe rí nìyẹn, ó ti dojú dé lẹ́yìnkùlé.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ: ẹ wọ aṣọ tó bo ara, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì fi ọ̀sán Jímọ̀ lọ, torí ìrun. Ẹ ra aṣọ níbẹ̀, ohun ló ń jẹ́ kí kòtò tó kù ṣì ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ sì fi fóònù sápò.

A ti ń múra Òṣogbo báyìí. Ó fẹ́ gbé ìkòkò kan dìde.