Tí chip bá kùtà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ?

Àbúrò mi kan ní Poli Ado bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ìgbà tí ọjà chip bá kùtà ló yẹ kéèyàn ra ṣíà àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún wọn. Ṣé kí n fi owó ilé mi rà á?"

Ẹ wo jórinjórin tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá l'Ádó. Tí gàrí bá pọ̀ jù ní Ọjà Ọba, àwọn tó ń ṣe gàrí ò ní tìlẹ̀kùn, ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n á máa lò. Àmọ́ ta ló máa ra tuntun? Èrè tiwọn dín kù, iṣẹ́ jórinjórin lè dá pátápátá. Ọjọ́ tí gàrí bá tún wọ́n, gbogbo wọn á sáré lọ bá a lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí chip ṣe rí nìyẹn. Nígbà Kòrónà, gbogbo ayé ń ra kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di 2022, ọjà dá. Ní oṣù kẹsàn-án, Micron, tó ń ṣe chip tí fọ́tò wa ń wà nínú fóònù, ní òun máa dín owó ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀rọ kù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Ní oṣù kìíní 2023, Lam Research tó ń ta ẹ̀rọ fún irú wọn ní òun máa dá òṣìṣẹ́ bí 1,300 dúró.

Ibi tó yani lẹ́nu rèé. Oṣù kẹwàá 2022 ni ṣíà Lam ti já wálẹ̀ jù, ó ti pàdánù ju ìdajì lọ láàárín ọdún yẹn. Bẹ́ẹ̀, ọjà tó tà títí di oṣù kẹfà 2023 ṣì lé ní bílíọ̀nù 17 dọ́là. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọjà náà wá wálẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 15, ìgbà yẹn gan-an ni ṣíà ń gòkè!

Ìdí ni pé ọjọ́ iwájú làwọn tó ń ra ṣíà ń wò. Kí ìròyìn burúkú tó dé etí wa l'Ékìtì, ó ti wà nínú iye owó ṣíà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún náírà. Ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kúrò ní nǹkan bí 470 náírà, ó kọjá 700. Tí owó yín bá pọ̀ sí i báyẹn, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà ló ṣe dáadáa.

Èsì mi fún àbúrò mi? Rárá o. Ẹni tó ra Lam ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 dúró ju ọdún kan àbọ̀ lọ kó tó rí owó rẹ̀ padà. Onílé wo ló máa dúró tó bẹ́ẹ̀? Owó tí ẹ ò ní nílò fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún nìkan ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wo gbèsè ilé-iṣẹ́ náà: ẹni tí gbèsè ò bá lọ́rùn ló lè dúró de ọjọ́ tí ọjà á padà.