Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé apá bàálù tó ń tẹ̀ lè já?

Nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú Àbújá pa fún àtúnṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Kàdúná ni wọ́n darí àwọn bàálù sí. Ará Kamazou, ládùúgbò Kàdúná, tó bá wọkọ̀ níbẹ̀, tó jókòó létí fèrèsé, á rí i pé apá bàálù ń lọ sókè sódò bí atẹ́gùn bá ń jà. Àyà á já. Awakọ̀ kò ní mira, torí ó mọ̀ pé wọ́n ti dán irú apá náà wò.

Kí irú bàálù tuntun kan tó gba ìwé àṣẹ, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa apá rẹ̀ sókè, títí dé ìlọ́po kan àtààbọ̀ agbára tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n retí pé ó lè bá pàdé lójú òfurufú. Ó gbọ́dọ̀ fara dà á fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ó kéré tán.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1995, Boeing mọ̀ọ́mọ̀ fa apá bàálù 777 títí ó fi já. Ìdá 154 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n retí yẹn ló gbà kó tó dún gbàmù! Ti Airbus A380 ò tiẹ̀ dé 150 lọ́dún 2006. 145 ló ti já, ni wọ́n bá fún un lókun sí i.

Síbẹ̀, awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi agbára apá bàálù ṣe fáàrí: tí bàálù bá ń gbọ̀n, eré ló ń dín kù. Ẹ̀yin náà, ẹ de bẹ́líìtì yín.