Ọ́ìlì Wo Ló Yẹ Alùpùpù Wa?

Ní agbègbè Sanson, bí alùpùpù bá dákẹ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló ń gbé iṣu àti kajú dé ọjà Tchaourou. Òun ló ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Òun náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ oṣù fi ń ṣe zémidjan, tí wọ́n sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí ó rà á fún wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú kí gbèsè tó tán, gbèsè kò ní bá a kú.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn fi tó sọ̀rọ̀ lé lórí: nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí Faransé ń pè ní huile minérale, àti huile de synthèse tí owó rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, èwo ni kí á rà?

Inú epo rọ̀bì ni a ti ń yọ ti àkọ́kọ́. Bí a ti wù kí a sẹ́ ẹ tó, àwọn ègé kéékèèké inú rẹ̀ kò dọ́gba, bí ẹ̀wà tí a kò ṣà. Ti èkejì, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ló tò ó kí àwọn ègé rẹ̀ lè dọ́gba. Àwọn ará Jámánì ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí epo rọ̀bì wọ́n wọn, tí òtútù sì ń sọ ọ́ìlì di líle nínú ọkọ̀ ogun wọn. Ní 1974 ni Mobil 1 jáde fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọ́ìlì yìí ń fara da ooru púpọ̀, kì í tètè di ẹrẹ̀ dúdú, ó sì ń ṣàn nínú òtútù líle. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kò kàn wá rárá. Òwúrọ̀ ọyẹ́ tiwa kò tíì sọ ọ́ìlì kankan di yìnyín.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n gun deux-temps máa ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo bẹntiróò ni. Méjèèjì a jọ jóná, èéfín wọn a sì bo ìgboro Cotonou. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti gbà pé ọ́ìlì kan kò yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹ́ńjìnnì quatre-temps òde òní kì í jó ọ́ìlì tirẹ̀. Inú rẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbé. Ọ̀pọ̀ alùpùpù Ṣáínà tí a ń gùn ni wọ́n ṣe ní àwòkọ Honda CG125, tí ó jáde ní 1976. Nǹkan bí lítà kan péré ni ọ́ìlì rẹ̀. Lítà kan yìí ń jẹ́ kí písítìnnì máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, ó ń tu ẹ́ńjìnnì tí kò ní omi lára, ó ń wẹ eyín jíà, embrayage, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì, sì tún rì sínú rẹ̀.

Níbi embrayage yìí ni ewu wà. Àwọn awo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè di ara wọn mú. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a kọ “Energy Conserving” tàbí “Resource Conserving” sí lára ní èròjà tí ń mú kí irin yọ̀ jù, kí ọkọ̀ má baà jẹ epo púpọ̀. Bí ẹ bá dà á sínú alùpùpù, ẹ́ńjìnnì a máa pariwo, ọkọ̀ kò ní lè gun òkè. Wọ́n máa ń sọ pé synthèse ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Èròjà ayọ̀ yẹn ló ń ṣe é, ó sì lè wà nínú oríṣi méjèèjì. Àmì tí ẹ óò wò lára agolo ni JASO MA tàbí MA2, ìlànà tí àwọn ará Japan gbé kalẹ̀ ní 1998 fún alùpùpù. MB kì í ṣe tiwa. Ti scooter tí embrayage rẹ̀ kò sí nínú ọ́ìlì ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ̀lé nọ́ńbà tí ìwé ọkọ̀ sọ, ìbáà ṣe 20W-50 tàbí 10W-40.

Ohun tí ó ń ta synthèse jù lọ ni pé ó ń pẹ́ kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì irú CG kò ní asẹ́ oníwèé tí ń mú ìdọ̀tí wẹ́wẹ́. Eruku pupa ojú ọ̀nà wa tí ó bá gba ibi asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó ti ya wọlé, inú ọ́ìlì ló ń gbé, á sì máa gé irin bí ìwé tí káfíńtà fi ń họ pákó. Jíà pẹ̀lú ń gé ọ́ìlì náà títí tí yóò fi ṣàn jù. Owó ńlá tí ẹ san kò lè lé eruku jáde. Vidange nìkan ló lè lé e. Ẹni tí ó bá ra synthèse, tí ó sì fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin nítorí pé ó wọ́n, ó ti fi owó ra ìbàjẹ́.

Nítorí náà, fún ọlọ́kadà tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú èyí, ohun tí mo gbà ni minérale tí ó ní JASO MA, kí ó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 1 000 kìlómítà sí 1 500. Láti Tchaourou dé Parakou tó nǹkan bí 60 kìlómítà. Ẹni tí ó bá lọ tí ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án ti kọjá 1 000. Kí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Kí ó fọ asẹ́ afẹ́fẹ́ nígbà ọyẹ́, kí ó sì máa wo ìwọ̀n ọ́ìlì ní òwúrọ̀ kí ó tó jáde, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbó ń jẹ ọ́ìlì, lítà kan kì í sì í pẹ́ di ààbọ̀.

Synthèse ní àyè tirẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ru ẹrù, tí ó ń rọra gun òkè lọ́sàn-án gangan, tàbí quad ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ń rìn nínú oko láìsí afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ sí i, ooru wọn kì í ṣe kékeré. Bí irú wọn bá jẹ́ tuntun, tí ó ní asẹ́ oníwèé, owó náà kò ṣòfò.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ ra agolo tí wọn kò tíì ṣí, kí ẹ sì ṣọ́ mẹkáníìkì nígbà tí ó ń dà á. Èyí tí ẹ bá tú jáde, ẹ má dà á sílẹ̀ nítòsí kànga. Ẹ fún káfíńtà tí yóò fi kun òpó nítorí ikán, kí ó sì fi ọ̀rá bo ọwọ́ rẹ̀, nítorí ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò léwu fún awọ ara.